Oúnjẹ Sàró kì í ṣe oúnjẹ àdàlù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti dábàá pé kí á máa pe oúnjẹ ilé àwọn Creole, bí àwọn Krio ti Freetown ní Sierra Leone àti àwọn ará Louisiana ní Amẹ́ríkà, ní "oúnjẹ àdàlù" nínú ìwé Yorùbá ni àbá náà ti ń ta gbòǹgbò. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́ kí á tẹ̀ síwájú: kí plasas, ọbẹ̀ eléwé ti Freetown, di ẹ̀fọ́ rírò, kí awujoh, àsè tí wọ́n ń ṣe nítorí àwọn òkú ìdílé, sì di sàráà, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àdàlù ti níṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìkòkò wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ka "oúnjẹ àdàlù", ẹ̀wà àti àgbàdo tí a sè pọ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa lọ bá. Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó ká mi lára ni pé dída nǹkan pọ̀ tí a gbé ka orí ọ̀rọ̀ Creole kò sí nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni ó ti wá: crioulo ni wọ́n ń pè é, láti inú criar, tí í ṣe kí á tọ́ ọmọ dàgbà. Ẹni tí wọ́n bí, tí wọ́n sì tọ́ sí ilẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá ni wọ́n fi orúkọ yìí pè. Ní Louisiana, wọ́n pe ọmọ Faransé tí wọ́n bí síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pe ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni àwọn èèyàn wá ń rò pé ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ohun tí orúkọ náà sọ ní ti gidi, títọ́ ọmọ ni kókó rẹ̀: oúnjẹ tí a fi tọ́ ọmọ nínú ilé.

Ohun mìíràn ni pé Creole kì í ṣe ará ibì kan ṣoṣo. Ọbẹ̀ gumbo ti Louisiana, tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú orúkọ ilá lẹ́nu àwọn Bantu, àti ẹ̀wà pupa tí àwọn ará New Orleans máa ń sè lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ ìfọṣọ wọn láyé àtijọ́, kò bá oúnjẹ Freetown jọ jẹ orúkọ kan náà lọ́nà tó lè ran òǹkàwé lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo wọn lápapọ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ ní Kíríólì kí á sì máa bá tiwa lọ. Bí ó bá kan Freetown, a ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Oúnjẹ Sàró ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé àwọn tó padà wálé sí Èkó nìkan ni Sàró. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn. Ní 1787 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kó àwọn adúláwọ̀ tálákà láti London lọ sí Sierra Leone. Ní 1792, nǹkan bí 1,200 adúláwọ̀ dé láti Nova Scotia ní Kánádà, wọ́n sì tẹ Freetown dó. Àwọn Maroon, ìran àwọn ẹrú tó sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́ ní Jàmáíkà, dé ní 1800. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn tí wọ́n ń kó lọ lẹ́rú lórí òkun, wọ́n sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níbẹ̀. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Àjàyí Crowther wà lára wọn, 1822 ni ó gúnlẹ̀. Àkú ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbẹ̀, nítorí pé "ẹ kú" kì í kúrò lẹ́nu wọn. Láti 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti ń wọkọ̀ padà sí Àgbádárìgì, Èkó àti Abẹ́òkúta. Orúkọ ìlú tí wọ́n ti dé, Sierra Leone, ni ahọ́n Yorùbá yí sí Sàró. Orúkọ ìlú ni kí ó tó di orúkọ èèyàn. Ẹ̀gbọ́n dúró ní Freetown, àbúrò wọkọ̀ wá sí Olówógbowó; báwo ni oúnjẹ àbúrò yóò ṣe jẹ́ ti Sàró, tí ti ẹ̀gbọ́n kò ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Arábìnrin wa kan rán wa létí pé àwọn kan sọ pé orúkọ Krio fúnra rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa lọ, láti inú "akiri-yó", ẹni tó ń lọ láti ilé dé ilé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, tó ń jẹun títí yóò fi yó. Akintola Wyse, òpìtàn ará Freetown, wà lára àwọn tó gbé èrò yìí lárugẹ. Ó dùn gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ó dájú pé Yorùbá ni wọ́n nínú èdè Krio: akara, ogiri, agidi, egusi, olele, ebeh. Ẹ fi awujoh àti ashobi kún un. Gbogbo wọn ló gbé fáwẹ́lì iwájú wọn dání. Kí ló dé tí akiri-yó nìkan yóò sọ tirẹ̀ nù lójú ọ̀nà? Creole ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fún orúkọ náà láìsí wàhálà. Bí wọ́n ṣe ń lọ kí ara wọn kiri lẹ́yìn ìsìn jẹ́ òtítọ́, ó sì dára kí á kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kí á má fi ṣe ẹ̀rí.

Ó wá ku awujoh, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwùjọ lẹ́nu tiwa ni ìpéjọpọ̀ èèyàn. Lẹ́nu àwọn Krio, àsè ni, àsè tí àwọn tó ti kú nínú ìdílé wà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ikú, wọ́n ń ṣe é bí ọdún bá yípo, wọ́n sì ń ṣe é kí ìyàwó tó wọlé ọkọ kí àwọn baba ńlá lè gbọ́ sí i. Ẹ̀wà funfun tí wọ́n fi epo pupa sè ni òléwájú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, àkàrà, ànàmọ́ díndín àti olele, tí í ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀ tiwa, sì ń tẹ̀ lé e. Kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè, wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sí àgbàlá, wọ́n á bu díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo oúnjẹ náà sí i, wọ́n á ta omi sílẹ̀, àgbà ìdílé á dárúkọ àwọn tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò la obì, wọn yóò sì dà á sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá àwọn ará ọ̀run ti gbà. Bí obì kò bá fọre, wọn yóò tún bẹ̀bẹ̀, wọn yóò tún dà á. Àwọn tó ń ṣe èyí lè jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì tí kì í pa ìsìn jẹ.

Ṣé sàráà ni ẹ fẹ́ pe ìyẹn? Sàráà tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, ọrẹ àánú ni. Alààyè ni à ń fún, Ọlọ́run là ń wá ojú rere rẹ̀. Nínú awujoh, òkú ni a kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, alààyè ló ń jẹ ìyókù. Bí a bá kọ sàráà, a ti yí ẹni tó ni oúnjẹ padà. Àbá mi ni pé kí á kọ "àsè àwùjọ", kí á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa gba ìtumọ̀ tí ó rí nílẹ̀ òkèèrè padà wálé. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lédè wa lónìí tí ó kó ìpéjọpọ̀ ẹbí, ihò inú àgbàlá àti obì pọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bákan náà ni ti àkàrà. Ní Bahia, ní Brazil, acarajé ṣì jẹ́ ẹ̀wà bí ó ṣe jẹ́ nílé. Ní Freetown, wọ́n ń fi ẹ̀wà ṣe é lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tún máa ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n dáadáa, wọ́n á po ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ṣúgà mọ́ ọn, wọ́n á máa fi ọwọ́ jù ú sínú òróró gbígbóná ní róbótó-róbótó. Àkàrà ni wọ́n ń pè é, ó sì dùn. Ẹnì kan níbí ní kí á kọ "pọ́fù-pọ́ọ̀fù ọ̀gẹ̀dẹ̀" kí òǹkàwé má bàa ṣìnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi orúkọ yìí pè é kò ṣèèṣì: ohun tí a pò, tí a jù sínú epo, tí ó léfòó, ni wọ́n gbé orúkọ náà lé. "Àkàrà ọ̀gẹ̀dẹ̀" ti tó. Ògìrì náà rèé: ẹ̀gúsí tàbí èso lárà ni tiwa, yànmọtí ni tiwọn. "Ògìrì Sàró" ni àwọn èèyàn ń pè é, èyí sì tún jẹ́ ẹ̀rí pé Sàró ti ń dúró fún oúnjẹ kí àríyànjiyàn yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Plasas kò gba ẹ̀fọ́ rírò. Orúkọ agboolé ni fún àwọn ọbẹ̀ eléwé wọn: krain-krain, tí í ṣe ewédú, bitas, tí í ṣe ewúro, sawa-sawa, tí í ṣe ewé ìṣápá, àti ewé ẹ̀gẹ́, tí àwa kì í jẹ ní tiwa. Ẹ̀pà lílọ̀ ń wọ inú àwọn kan, ògìrì ń wọ inú àwọn mìíràn, kò sì di dandan kí tòmátì débẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, fùfú àti plasas ni ilé Krio mọ̀, kódà àwọn tó ti ṣí lọ sí London kì í fẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá láìjẹ ẹ́. Bí ẹ bá kọ ẹ̀fọ́ rírò, òǹkàwé á máa rò tàtàṣé àti ṣọkọ. Ẹ jẹ́ kí á kọ plásáàsì, kí á sì dárúkọ ewé tó wà nínú rẹ̀.

Èyí tí n kò tíì yanjú ni ebeh. Iṣu, ẹ̀gẹ́, kókò àti ànàmọ́ ni wọ́n ń sè pọ̀ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fi epo àti ẹja sí i. Ẹ̀bẹ ni, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n láwọn ilé kan lónìí àṣáró ti gba ipò ẹ̀bẹ, àwọn ọmọ kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ mọ́. Èmi yóò kọ ẹ̀bẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà ní Olówógbowó tàbí ní ìdílé Sàró ní Abẹ́òkúta, ẹ bá wa bi wọ́n bóyá iṣu nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nílé wọn, tàbí gbogbo ohun tó ti inú ilẹ̀ wá.