Dókítà ni olólùfẹ́ mi, oníṣirò owó ni mí: ṣé kí n kó ẹrù mi ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkùnrin ni mí, ọkùnrin ni mo ń fẹ́, ọdún kejì wa rèé. Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ló ti ń ṣe dókítà, òru ló sì máa ń ṣiṣẹ́ jù. Èmi, tí nǹkan ò bá ti sí lórí ìwé, ọkàn mi kì í balẹ̀. Òun, ètò tó mọ̀ kò ju kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ má kú lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló wọlé. Mo ti tẹ́ ìwé sórí tábìlì dè é: ilé tí a fẹ́ jọ gbà, iye tí kálukú máa dá, ẹni tí yóò máa san owó iná. Mo gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, kò bọ́ èkejì. Mi ò tíì ka ìlà kejì tán tí oorun fi gbé e lọ. Mo jí i. Ó ń wo ìwé náà bí ẹni tí kò mọ̀wé kà, ó ní, "Fi mí sílẹ̀." Ni mo bá sọ fún un pé àwọn oníbàárà mi bọ̀wọ̀ fún mi jù ú lọ. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó jáde. Ọjọ́ kẹrin rèé, ibi iṣẹ́ ló ń sùn, kì í gbé ìpè mi.

Èyí tó tún ń dùn mí jù nìyí: lórí fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ síbi ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀ rárá. Ṣé ó tiẹ̀ fẹ́ràn mi?

Nọ́ọ̀sì àgbà: Àbúrò mi, ọdún 21 ni mo fi ṣiṣẹ́ òru. Mo ti wa mọ́tò délé rí tí mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà. Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ méjì fi ìwádìí hàn pé ẹni tí kò bá sùn fún wákàtí 17, ńṣe ló ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05%. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ò ní jẹ́ kí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wakọ̀. Ìwọ wá gbé ìṣirò ilé sí i níwájú! Ẹni tí a bá sì jí nínú oorun àsùnwọra, iyè rẹ̀ kì í tètè padà. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Fi mí sílẹ̀" tó sọ yẹn, má gbé e sọ́kàn. Wá aṣọ fèrèsé tó nípọn, torí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í jẹ́ kí oorun wọn jinlẹ̀. Tó bá ti sùn jí, tó ti wẹ̀, ìgbà yẹn ni kí o bá a sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ oorun kì í gba ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti sùn, ó ti jí, kò pe ẹnikẹ́ni. Bí ó ń bínú, kó sọ pé òun ń bínú. Èmi ò lè gbà á.

Ẹni tó béèrè: Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan: "Mo wà láàyè." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá kan: Èmi àti ọkọ mi ti jọ wà fún ọdún 26. Olórin ni, ẹnjiníà ni mí. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1990 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ irú ìfẹ́ wa kúrò lára àrùn. Àwọn dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ìyẹn ṣì ń ṣe ọ̀gá fún àwọn kan lónìí. Ilẹ̀ wà tí òfin ti so wá pọ̀, ilẹ̀ sì wà tí ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀. O ò sọ ibi tí ẹ wà. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́. Béèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ ọ́? Bóyá òun ni ọ̀nà tí ìròyìn máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ọkọ mi dákú lọ́dún kan, wọ́n ní kí n dúró síta, pé n kì í ṣe ẹbí. Wákàtí márùn-ún ni mo fi wo ilẹ̀kùn yẹn. Lẹ́yìn náà la lọ bá agbẹjọ́rò, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni kí wọ́n bi nípa ìtọ́jú rẹ̀ tí òun ò bá lè sọ̀rọ̀. Ìwọ tó mọ ìwé í kọ, kọ ìyẹn kí o tó kan owó iná.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ mí o. Èmi gan-an ló máa ń pè tí kò bá rí àbúrò rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Mi ò rò ó débẹ̀ rí.

Mo kọ̀wé sí i lánàá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé mo jí i, mo sì sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́rin tó fi dákẹ́ yẹn dùn mí dé egungun. Ó wọlé láàárọ̀ yìí, ó dì mọ́ mi, kò sọ nǹkan kan. Mo bá a bọ́ bàtà méjèèjì, mo fa aṣọ fèrèsé. Ìgbà tí mo padà sídìí tábìlì ni mo rí i pé ó ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ ìwé mi: "Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màá ti sùn."