Clash of the Titans fún àwọn ọ̀dọ́ ní Òṣogbo: báwo la ṣe máa ṣe é tí yóò fi yé wọn?

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ bíi 30 fẹ́ wo Clash of the Titans ti 2010, fíìmù ìtàn àwọn òrìṣà Gíríìkì, nínú agboolé kan ní Òkè-Fìà lálẹ́ Sátidé. Projector lumen 3,000 wà nílẹ̀, aṣọ funfun kan, súpíkà méjì, laptop àti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Orúkọ àwọn òrìṣà Gíríìkì máa ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ lórí. Àwòrán ṣókùnkùn tí wọ́n bá ti wọ ilé Medusa. Ohùn àwọn òṣèré kì í jáde, àmọ́ tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ariwo á fẹ́ di èèyàn létí. Àbí ti àtijọ́, tí wọ́n ṣe ní 1981, ló yẹ ká fi hàn wọ́n?

Onítàn Ọjà-Ọba
Ẹ má kó gbogbo òrìṣà lé wọn lórí. Ẹni márùn-ún ti tó, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀: Zeus tó ni ojú ọ̀run, Poseidon tó ni òkun, Hades tó ni ìlú òkú (ọmọ ìyá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta), Perseus tí Zeus bí fún Danae ọmọ ọba Argos, àti Medusa onírun ejò: ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ á di òkúta.

Hades gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Fíìmù sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀, àwọn ọmọ á sì pariwo pé Sátánì nìyẹn. Nínú ìtàn àtijọ́, ọba àwọn òkú ni. Ó le, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe olórí ibi. Irú ohun tó ṣe Èṣù wa ló ṣe é, nígbà tí wọ́n fi orúkọ Èṣù túmọ̀ “devil” nínú Bíbélì Yorùbá. Ẹ sọ ọ́ báyìí fún wọn, á tètè wọlé.

Ẹ tún sọ ibi tí fíìmù ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Kraken, ẹran omi ńlá inú fíìmù, kì í ṣe ti Gíríìkì rárá, ìtàn àwọn awakọ̀ òkun Norway ló ti wá. Cetus ni ẹran omi inú ìtàn, Poseidon ló sì rán an, nítorí Cassiopeia, ìyá Andromeda, fọ́nnu pé ẹwà òun ju ti àwọn ọmọbìnrin òkun lọ. Ọmọ ọba Etiópíà ni Andromeda. Fíìmù ló gbé e lọ sí Argos. Inú ẹ̀jẹ̀ Medusa ni Pegasus, ẹṣin oníyẹ̀ẹ́, ti jáde. Nínú ìtàn, akọni mìíràn, Bellerophon, ló gùn ún, bàtà oníyẹ̀ẹ́ ni Perseus fi fò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti dá fíìmù dúró ni ọ̀dọ̀ àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta tó ń pín ẹyinjú kan ṣoṣo lò. Tí ọ̀kan bá ń na ẹyinjú náà sí èkejì, kò sí ẹni tó ń ríran nínú wọn lásìkò yẹn. Àárín ọwọ́ sí ọwọ́ yẹn ni Perseus ti já a gbà. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tó fi dúró dìgbà yẹn kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ẹlẹ́rọ Ìgbọ́nà
Ẹ wo irú fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín ná. Tó bá jẹ́ HDR (irú fáìlì tí wọ́n ṣe fún ojú tẹlifíṣọ̀n tó mọ́lẹ̀ gan-an), projector lásán á mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ẹ wá 1080p tí kì í ṣe HDR. Tí ẹ bá rí àwòrán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 3D nìyẹn, ẹ jù ú nù. Ẹ̀yìn tí wọ́n ya fíìmù yìí tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di 3D, ẹ ò pàdánù ohunkóhun.

Nínú VLC, ìyẹn app tí a fi ń wo fíìmù lórí laptop, ẹ tẹ Ctrl àti E, ẹ lọ sí Video Effects, ẹ mú Image adjust, kí ẹ gbé Gamma láti 1.0 sí 1.3. Ẹ má fọwọ́ kan Brightness. Dúdú á di eérú, ilé Medusa á wá dà bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Aṣọ kan ṣoṣo ń jẹ́ kí iná kọjá sẹ́yìn, ẹ so ó ní ìlọ́po méjì. Tí throw ratio projector (bí ó ṣe jìnnà sí aṣọ, tí a fi fífẹ̀ àwòrán pín) bá jẹ́ 1.5, mítà 3 sí aṣọ á fún yín ní àwòrán tó fẹ̀ tó mítà 2. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ tó lù.

Ti ohùn: súpíkà mẹ́fà ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún, súpíkà àárín ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu. Méjì lẹ ní, ìdí nìyẹn tí ìró ìjà fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ojú ibi kan náà, Audio Effects, ẹ tan Compressor, òun ló ń dín ariwo ńlá kù kí ọ̀rọ̀ ẹnu lè jáde. Tí subtitle bá ṣáájú ohùn, ẹ tẹ H. Tó bá pẹ́ lẹ́yìn, ẹ tẹ G. Títẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sún un ní ìdá kan nínú ogún ti ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ rọ epo kún jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó tàn án. Ìṣẹ́jú 106 ni fíìmù náà, tí iná bá sì ṣàdédé kú, fáànù inú projector á dúró nígbà tí gílóòbù rẹ̀ ṣì gbóná, ó lè jó. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbi tí wọ́n jókòó sí, kí èéfín má kọjú sí wọn.

Ìyá Ọlá-Ìyà
Ẹ fi ti 1981 sílẹ̀ fún àwọn àgbà, ìhòòhò wà nínú rẹ̀ níbi mélòó kan. Ó dùn mí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ Ray Harryhausen níbẹ̀ kò láfiwé: ó ń fi ọwọ́ sún ère Medusa díẹ̀díẹ̀, ó ń ya á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ yọ ìran Medusa nìkan hàn wọ́n.

Ẹ má sì sọ fún wọn pé Zeus ni Ṣàngó. Àwọn méjèèjì ló ni àrá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́ kó tó di òrìṣà. Zeus kò fìgbà kan jẹ́ èèyàn.

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí 1080p, GB 5 ni, ṣùgbọ́n flash kọ̀ ọ́, ó ní àyè ò sí, bẹ́ẹ̀ GB 32 ni flash náà, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Ìgbọ́nà
FAT32 ni flash yẹn, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú fáìlì, kì í gba fáìlì kan tó bá ju GB 4 lọ. Ẹ format rẹ̀ sí exFAT. Tí nǹkan bá wà lórí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó o kúrò, gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́.