Ta ló ni maṣíìnì? Èsì mi lórí "olómìnira" àti "adádúró" fún àwọn lébẹ̀lì híp-họ́ọ̀pù Gúúsù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, mi ò tètè dá sí i torí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa tó mú ọ̀rọ̀ náà wá sọ tiwọn tán ná. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń kọ àpilẹ̀kọ kan lórí àwọn ẹgbẹ́ híp-họ́ọ̀pù ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ará Houston, New Orleans, Memphis, Atlanta, Miami, àti àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń gbé àwo wọn jáde, wọ́n wá bi wá pé kí la máa pe independent label, ìyẹn lébẹ̀lì (ilé iṣẹ́ àwo) tí kò sí lábẹ́ ilé àwo ńlá kankan, lédè wa. Àwọn fúnra wọn dábàá "ilé iṣẹ́ agbórinjáde olómìnira". Àǹtí wa tó ń gbé ní Houston ní "aládàáni" ló dáa. Ẹnìkan mú "adádúró" wá, wọ́n sì dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò ṣeé lò. Àbúrò wa kan ní ká kọ "lébẹ̀lì índípẹ́ńdẹ́ǹtì" ká lọ sùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò lè gba "olómìnira" wọlé. Ẹni tí wọ́n ti mú sìn rí ló ń gba òmìnira. Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960 torí pé Òyìnbó ló ń darí wa tẹ́lẹ̀. Ta ló mú lébẹ̀lì Rap-A-Lot sìn rí? James Prince ló dá a sílẹ̀ ní Houston láàárín àwọn ọdún 1980, kò jáde lábẹ́ ẹnikẹ́ni, àwọn ilé àwo ńláńlá tó wà ní New York àti Los Angeles ò tiẹ̀ kà á kún, lébẹ̀lì tí wọn ò kà kún yìí náà ló wá bí Geto Boys, ẹgbẹ́ tí Scarface, Willie D àti Bushwick Bill wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwo wọn ti 1990 fẹ́ jáde, Geffen, ilé àwo ńlá tó yẹ kó pín in, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti burú jù. Àwo náà ṣì jáde, wọ́n gba ọ̀nà ibòmíràn gbé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe We Can't Be Stopped. Ẹ wò ó dáadáa, Geffen ò lè dí wọn torí Geffen ò ni wọ́n. Ẹni tí a ò ní, a ò lè tú u sílẹ̀, nítorí náà "òmìnira" ò kàn án.

"Aládàáni" súnmọ́ ọn, Àǹtí, mo sì rí ohun tí ẹ rí, torí "àdáni" ni ohun tí ènìyàn nìkan dá ní. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àti rédíò ti lo ọ̀rọ̀ yẹn débi pé ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń sọ fún wa: pé kì í ṣe ti ìjọba. Ilé ìwé aládàáni, ọsibítù aládàáni. Ó dáa, Sony tó jẹ́ ilé àwo ńlá ńkọ́? Universal ńkọ́? Ìjọba ò ni wọ́n. Tá a bá kọ "aládàáni", Sony àti Rap-A-Lot á wà nínú agbọ̀n kan náà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì gan-an la jókòó tì.

Ó wá ku "adádúró". Ẹni tó dá a dúró ní ìdí tó lágbára, ó sì gba oorun lójú mi fún òru méjì. Ó ní báwo la ṣe máa pe lébẹ̀lì No Limit ní adádúró nígbà tó jẹ́ ilé àwo Priority Records ló ń bá wọn kó àwo lọ sí ìsọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, tí Universal sì ń bá lébẹ̀lì Cash Money kó tiwọn? Ẹni tí wọ́n ń bá gbé ẹrù, ó dá dúró ni?

Lọ́sàn-án Sátidé mo wà ní ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Aránṣọ ni wọ́n, ó ti lé ní ogójì ọdún, téépù ìwọnra ò kúrò lọ́rùn wọn. Wọ́n ń tú apá bùbá kan tí ọmọ iṣẹ́ rán sódì, mo wá ń ka àpilẹ̀kọ ẹ̀gbọ́n fún wọn láti orí fóònù mi, bí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Master P ṣe ṣí ìsọ̀ àwo sí Richmond ní California, bó ṣe sọ orúkọ ìsọ̀ náà, No Limit, di orúkọ lébẹ̀lì, bó ṣe kó o padà wá sí New Orleans tí wọ́n ti bí i, bí ilé ńlá ṣe wá bá a pé kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Màmá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló ni maṣíìnì?"

Mo ní, ẹ̀n?

Wọ́n ní, "Maṣíìnì tó fi ń kọrin náà. Ta ló ni ín?"

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rántí bá a ṣe ń sọ ọ́ nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ kọ́ṣẹ́ tán, wọ́n ṣe fúrídọ̀mù fún un, ó gba ṣọ́ọ̀bù, ó ra maṣíìnì, a ní "ó ti dá dúró". Kò sẹ́ni tó rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ó ṣì ń ra òwú lọ́wọ́ olówùú, ẹlòmíràn ló ń bá a wée étí aṣọ, ó lè fún ọlọ́kadà lówó kó bá òun gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Ohun tó jẹ́ kó dá dúró ni pé maṣíìnì jẹ́ tiẹ̀, owó iṣẹ́ sì ń dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa pẹ̀lú ìtumọ̀ tá à ń wá, kò sí ìdí tá a fi máa lọ ṣẹ̀dá òmíràn.

Ẹ wá fi wo àdéhùn No Limit àti Priority ti 1996. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ níbi gbogbo ni pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sọ́dọ̀ No Limit, Priority ń mú 15, masters, ìyẹn orin gan-an tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, sì wà lọ́wọ́ Master P. Owó ọlọ́kadà ni 15 yẹn. Cash Money, tí Birdman àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Slim Williams dá sílẹ̀ ní New Orleans ní 1991, bá Universal ṣe irú rẹ̀ ní 1998, ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń dárúkọ, masters ò sì kúrò nílé. Ẹ fi wé lébẹ̀lì ńlá bó ṣe máa ń ṣe: á fún olórin lówó lọ́wọ́, á sanwó sitúdíò, á wá máa yọ gbogbo rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ lára ìpín olórin, tó bá sì yọ ọ́ tán pátápátá, orin ṣì jẹ́ ti lébẹ̀lì. Ó dà bí ẹni tó san gbèsè ilé tán, tí ilé ò di tiẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n ta ko ohun méjì nínú àpilẹ̀kọ náà. Àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n tú advance, ìyẹn owó tí lébẹ̀lì ń fún olórin lọ́wọ́, sí "owó ìtẹ̀síwájú". Rárá o, kò sí ìtẹ̀síwájú kankan ńbẹ̀. "Àsansílẹ̀" la ní, ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ nìkan máa jẹ́ kí òǹkàwé rò pé owó iṣẹ́ ni, tí wọ́n ti san án tán. "Àsansílẹ̀ àyọpadà" ni kẹ́ ẹ kọ, ó gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èkejì ni master tí ẹ pè ní "ọ̀gá orin". Master yẹn ò ṣe ọ̀gá lórí ẹnikẹ́ni, òun ni orin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ tí gbogbo àwo, kásẹ́ẹ̀tì àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń tinú rẹ̀ jáde. Àwọn onílù wa ti fi ọ̀nà hàn wá, wọn ò pe ìlù tó ń darí àwọn yòókù ní ọ̀gá ìlù, ìyáàlù ni. Mo dábàá "ìyá orin". "Ìyá orin wà lọ́wọ́ Master P." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màmá mi gbọ́ ìyẹn tó fi yé wọn.

Ti distributor, ẹni tó ń bá lébẹ̀lì kó àwo lọ sí ìsọ̀, "alágbàtà". Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Èyí tó dùn mí jù ni DJ Screw. Àbúrò wa kọ chopped and screwed, orúkọ irú orin tó ń ṣe, sílẹ̀ pé "orin tí a gé tí a sì fi ìdè kàn". Àbúrò, orúkọ ènìyàn ni Screw. Robert Earl Davis lorúkọ ilé rẹ̀, Houston ló ti ṣiṣẹ́, ó kú ní November 2000, ọmọ ọdún 29 péré. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń dẹ orin lẹ́sẹ̀, á fà á, á fà á títí ohùn olórin á fi wúwo tí á jinlẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń gbé lọ, á wá gé ọ̀rọ̀ kan, á dá a padà, á tún gé e. Kásẹ́ẹ̀tì Maxell aláwọ̀ eérú ló ń gbà á sí. Ilé rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rà á, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọkọ̀ á tò síwájú géètì, ẹni yìí gba tiẹ̀ á lọ, ẹni yẹn á súnmọ́, débi pé àwọn aládùúgbò àti ọlọ́pàá rò pé oògùn olóró ló ń tà. Ní 1998 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú téépù wọ̀nyẹn kò gba ọwọ́ lébẹ̀lì kankan kọjá. Tá a bá ń wá ẹni tó dá dúró, tó jẹ́ òun ni lébẹ̀lì, òun ni alágbàtà, òun náà ni olùtajà, ẹni náà nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká wá fi irin kan orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dábàá "àgéfà", torí gígé àti fífà ni iṣẹ́ náà: "orin àgéfà ti DJ Screw".

Bling bling náà kò gbọdọ̀ di "ohun ọ̀ṣọ́" bẹ́ẹ̀ yẹn. B.G., ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Hot Boys ti Cash Money, ló kọ ọ́ lórin ní 1999, nígbà tó fi máa di 2003 ó ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford. Kí ló wá túmọ̀ sí? Ìró ni wọ́n fún ohun tí kò ní ìró, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lára dáyámọ́ńdì. Ta ló tún mọ irú èyí ṣe bí àwa? Pupa fòò. Funfun báláú. Dúdú kirikiri. Aṣọ pupa ò dún fòò rí létí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ilé àwo kékeré kan ní New Orleans ṣe ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe látọjọ́ pípẹ́, inú mi dùn sí i gan-an. "Yanranyanran" ni kẹ́ ẹ fi tú u, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wà bí ìró, ẹ má sọ ọ́ di orúkọ nǹkan.

Dirty South, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. "Gúúsù Onídọ̀tí" tí ẹnìkan kọ yẹn, èébú ni létí Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Goodie Mob, ẹgbẹ́ Atlanta tó gbé e sórin lórí àwo Soul Food ní 1995, orúkọ ilé wọn ni wọ́n ń pè. Ẹ ò túmọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó fún àlejò kó tó mọ ibi tó ń lọ. Àti pé kí n tó gbàgbé, ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ Goodie Mob àti OutKast kúrò nínú orúkọ àwọn adádúró. Lébẹ̀lì LaFace ló gbé wọn jáde, Arista tó jẹ́ ilé àwo ńlá sì wà lẹ́yìn LaFace. Mo mọ̀ pé André ti OutKast ló dúró sí New York ní 1995, níwájú èrò tó ń hó lé wọn lórí, tó ní Gúúsù ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò ní kí maṣíìnì di tiwọn.

Mo tún apá ti New Orleans kọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tuntun wọ̀nyí, mo padà lọ kà á fún màmá: "Ilé àwo adádúró ni Cash Money. Ní 1998 wọ́n mú Universal ṣe alágbàtà, ṣùgbọ́n ìyá orin ò kúrò lọ́wọ́ wọn." Ó yé wọn. Wọ́n wá béèrè pé, "Àwọn ọmọ iṣẹ́ ńkọ́?"

Mo ní wọ́n pọ̀: Juvenile, B.G., Turk, Lil Wayne tó ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà tó wọlé. Juvenile àti B.G. bínú kúrò nítorí owó. Lil Wayne pe lébẹ̀lì náà lẹ́jọ́ ní 2015, ó di 2018 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Màmá mirí, wọ́n ní ìyẹn ò jọ àwọn lójú, wọ́n ní ọ̀gá lè dá dúró kí ọmọ iṣẹ́ má dá dúró.

Nítorí náà ẹ̀gbọ́n, níbi tí ẹ kọ "àwọn olórin adádúró ti Cash Money", ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa á rẹ́. Ilé àwo ló dá dúró. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ ò tíì ṣe fúrídọ̀mù nígbà náà, ẹ sì máa nílò ọ̀rọ̀ mìíràn fún wọn. Èmi ń lo "olórin abẹ́ ilé" lọ́wọ́lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Àǹtí wa ní Houston, kí lẹ rò?