“Ìṣègùn àfirọ́pò” kò bá ohun tí à ń ṣe mu

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún “complementary and alternative medicine”, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé “ìṣègùn àfirọ́pò” ni ká máa pe gbogbo ìtọ́jú tí kì í ṣe ti dókítà, ẹ má bínú sí mi, sà, n ò lè fara mọ́ ọn. Ẹ ní ọ̀rọ̀ kan náà tó láti gbé àgbo, eegun títò àti abẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà máa ń gún sára láti fi ṣe ìtọ́jú (acupuncture). Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Àbújá níbí.

Àbúrò ìyá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ́dọ̀ wa ní Kubwa. Àtọ̀gbẹ ń yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Ó ní kí n bi wọ́n bí wọ́n bá ń lo ìtọ́jú mìíràn. Mo bi wọ́n pé, “Màámi, ṣé ẹ ń lo nǹkan mìíràn dípò oògùn dókítà?” Wọ́n ní rárá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí ìgò omi ewúro lábẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè: “Ṣé mo ní mo fi rọ́pò ni? Mo fi ń ti oògùn wọn lẹ́yìn ni.”

Wọn kò purọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ṣì wọ́n lọ́nà. Bẹ́ẹ̀, ewúro àti oògùn àtọ̀gbẹ lè jùmọ̀ fa ṣúgà wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi padà lọ sọ fún dókítà.

Ohun tí Màámi sọ ni mo fi ń dábàá “ìṣègùn àtìlẹ́yìn” fún èyí tí èèyàn ń lò mọ́ ti dókítà. “Àfikún” tí àwọn kan mú wá kò burú, àmọ́ ohun tí wọ́n so mọ́ ìparí ìwé ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá kọ ilé ìwòsàn sílẹ̀ pátápátá nìkan ló yẹ ká sọ pé ó ń lo àfirọ́pò. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ibùdó ìwádìí ìjọba tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjèèjì, “àtìlẹ́yìn” (complementary) àti “àfirọ́pò” (alternative), sọ lórúkọ ní 1998 ti yọ “àfirọ́pò” kúrò lára orúkọ rẹ̀ láti 2014.

“Ìbílẹ̀” náà kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, ohun tí orílẹ̀-èdè kan jogún lọ́wọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ nìkan ni ìbílẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà yẹn, ìbílẹ̀ ni ní Beijing, àlejò ni ní Wuse l’Àbújá níbí. Àgbo wa, ìbílẹ̀ ni n’Ìbàdàn, àlejò ni ní London. Àwọn Haúsá tí à ń bá gbé ní “maganin gargajiya”, oògùn ìṣẹ̀dálẹ̀. Kò sí “dípò” nínú tiwọn.

Ó ku èyí tí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ bá gbà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní “àmúlùmálà”, ẹ̀gàn wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Idu níbí ni NIPRD wà, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí oògùn. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn Yorùbá kan ni wọ́n ti rí àgbo tí wọ́n yẹ̀ wò títí ó fi di NIPRISAN, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde: iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ọkà bàbà. Ẹrù tó wà ní ìsọ̀ lẹ́kulẹ́ja ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Kí ni wọ́n fi rọ́pò kí ni níbẹ̀? “Ìṣègùn àjùmọ̀ṣe” ni mo fẹ́ ká pe irú èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògbufọ̀ nílé ìwòsàn ní Ìlọrin, Kàdúná tàbí Jos, kí ni àwọn aláìsàn fúnra wọn ń pe ìtọ́jú tí wọ́n ń lò mọ́ ti dókítà? “Kí lẹ tún ń lò mọ́ ọn?” ni èmi ń bi Màámi báyìí, wọn kì í sì í fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.