Èmi ni mo kọ́kọ́ ra oògùn náà fún un

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi ṣubú lórí òfì, nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2019, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀ òfì kíkankíkan bí ẹni pé iṣẹ́ ló ṣì ń ṣe. Àwọn tí wọ́n jọ ń hunṣọ láti kékeré ni wọ́n wà lábẹ́ àtíbàbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án nínú wọn. Wárápá ni wọ́n pè é, ìgbàgbọ́ ìlú wa sì ni pé ẹni tí itọ́ oníwárápá bá ta sí lára ti kó o nìyẹn. Bí mo ṣe ń sáré bọ̀ láti ìsọ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe wárápá, nítorí pé oògùn tí ó kó sápò ṣòkòtò láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo fi owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ìlú kékeré ni ìlú wa, lápá Òkè-Ògùn, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, aṣọ òfì ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Àbúrò mi ní ń hun, èmi ní ń tà. Àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn àti Èkó yóò fi àwòrán àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èmi yóò ra òwú, èmi yóò sì dá ọjọ́ fún wọn. Nínú oṣù Bélú àti oṣù Ọ̀pẹ tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀, ọjọ́ tí mo bá dá kì í ṣe ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn kan lè bá. Ẹ̀yìn ń dun àbúrò mi, àwọn tí wọ́n ń hunṣọ mọ́jú sì sọ fún un pé ẹni tí ó bá lo tramadol, oògùn ìrora kan, kì í mọ̀ pé òun ti jókòó láti ìdájí. Èmi fúnra mi ni mo lọ sí ilé oògùn kan lẹ́bàá gáréèjì, tí mo ra sáṣẹ́ẹ̀tì kan, tí mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àlàárì tí ó yẹ kí ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó hun ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Mo yìn ín lójú gbogbo ilé. Kí ọdún tó yí po, èyí tí wọ́n kọ 225 sí lára ni ó ń gbé mì, ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ èyí tí òfin gbà kí wọ́n tà ní Nàìjíríà kò ju míligíráàmù 50 àti 100 lọ. N kò mọ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí kò bá rí i lò, òógùn yóò bò ó, eegun yóò máa ro ó, yóò sì máa jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Bí ó bá ti lò ó, yóò tún di ẹni jẹ́jẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ìdí tí mo fi ń rà á nìṣó nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ó ṣubú ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Òwú tí wọ́n bá ta sórí òfì máa ń gùn láti ibi tí ahunṣọ jókòó sí títí dé ibi òkúta tí ó ń fà á le lóòókán. Àbúrò mi ní inú òwú yẹn ni àwọn ará àdúgbò ti ń gbọ́ ohun tí òun ń rò. Lóru ọjọ́ kan, ó fi abẹ gé gbogbo rẹ̀ pátá, sànyán ìyàwó kan ní Ìbàdàn, ó sì jókòó ti òkúta náà títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìtura.

Kí oòrùn tó yọ, ìlú ti sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn kan ní èpè ni, àwọn kan ní igbó ni, bẹ́ẹ̀ kò mu igbó rí. Ìyá wa ní àsasí ni, ó sì mẹ́nu ba ahunṣọ kan tí wọ́n jọ jà nítorí oníbàárà. A gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó. Bí ó ṣe ń làágùn tí ó ń gbọ̀n tí ó sì ń bì, wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń jà kí ó má jáde. Èmi tí mo ń gbé oúnjẹ lọ lójoojúmọ́ mọ̀ pé bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí kò bá rí oògùn lò. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn. N kò lè dá wọn lẹ́bi ju ara mi lọ, nítorí pé wọn kò mọ̀, èmi sì mọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú wa ló ní kí a gbé e lọ sí Aró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Ìyá wa yarí, ó ní òun kò ní kó ọmọ òun sílẹ̀ fún àjèjì. Nọ́ọ̀sì náà wá sọ fún un pé ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká, kí ẹbí wọn sì tẹ̀ lé wọn wá máa dáná fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìdáná yẹn ló mú ìyá wa gbà.

Dókítà béèrè ohun tí ó ń lò. Ìyá wa ní kò mu ọtí, kò mu sìgá, ọmọ Ọlọ́run ni. Dókítà wojú mi, mo wolẹ̀. Mo ti sọ ìtàn yìí fún ènìyàn díẹ̀, mo sì máa ń fo ibí yìí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, tí mo sọ iye rẹ̀ àti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní tramadol tí ó bá pọ̀ lára a máa fa gìrì, pé ti ohun tí ó ní àwọn ará àdúgbò ń gbọ́ nínú òwú yìí, àfi kí àwọn máa wò ó fúngbà díẹ̀. Ó ní kí n fẹnu ara mi sọ fún ìyá mi. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ó ti padà sídìí òfì báyìí. Ó ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì tún padà lọ sí Aró. Àwọn oníbàárà kan ní àwọn kò fẹ́ aṣọ ìyàwó láti ọwọ́ ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí, nítorí náà mo máa ń sọ pé ẹlòmíràn ló hun ún.

*

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ìtàn yín, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi wà ní ìhà kejì káńtà ilé oògùn, nílùú kan ní Èkìtì. Oògùn ikọ́ olómi tí ó ní kodíìnì nínú ni mo ń tà jù kí ìjọba tó fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní oṣù Èbìbí ọdún 2018. Mo mọ̀ pé kò sí ikọ́ kankan. Ọmọ olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní ìwé kíkà máa ń ra ìgò méjì, yóò dà á sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, yóò sì kí mi kí ó tó lọ. Nígbà tí ọjà náà wọ́n, ó ń wá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù kí n tó ṣílẹ̀kùn, kò ní béèrè nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, ó wò wá, ó kí èmi nìkan.

*

Èmi ni àbúrò nínú irú ìtàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n ń kí mi sókè bí ẹni pé etí mi ló dí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í jẹ́ kí n mú ọ̀bẹ. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ìtàn mi, títí kan àwọn tí wọ́n ń ṣàánú mi. Màmá, ǹjẹ́ ẹ ti bi àbúrò yín bóyá ó fẹ́ kí ẹ máa fi orúkọ ẹlòmíràn ta aṣọ rẹ̀?

*

Mo bi àbúrò mi ní alẹ́ àná. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní ti orúkọ kò dun òun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, òun ni yóò máa dá ọjọ́ fún oníbàárà.