Ààbò aláìsàn: ìfisùn kọ́, ìjábọ̀ ni (ẹ wo àmì orí «bọ̀» dáadáa)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá lánàá pé kí a máa pe ìwé tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn fi ń sọ àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ ní «ìwé ìfisùn». Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí kan mí létí. Ta ni wọ́n ń fi sùn? Nọ́ọ̀sì wo ni yóò fi ara rẹ̀ sùn pé díẹ̀ ló kù kí òun gún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn? Yóò dákẹ́ ni. Bó bá dọ̀la, ẹlòmíràn á gún un, kò sì ní jẹ́ «díẹ̀ ló kù» mọ́.

Ìjábọ̀ la ní. Jẹ́ + àbọ̀. Orí àbọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dúró sí. Àbọ̀ ni ohun tó padà. Bí ọ̀gá bá ní kí òṣìṣẹ́ máa sọ ohun tó rí, tí òṣìṣẹ́ sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò padà wá wí fún un pé «igo oògùn méjì tó jọra tí o sọ ọjọ́sí, a ti yà wọ́n sọ́tọ̀», àbọ̀ dà? Ẹ yí àmì orí rẹ̀ padà, ó di jábọ́. Mo tọ́jú fáìlì nílé ìwòsàn kan fún ọdún 11. Mo mọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń jábọ́ sí.

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé wọ́ọ̀dù, á bi ẹni tó ń nulẹ̀ pàápàá pé kí ló lè pa aláìsàn lára níbí. Lẹ́yìn náà, òun náà á padà wá jábọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Aláìsàn ló rán gbogbo wọn, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́.

Àṣìṣe kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. «Ṣì» ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mutí yó wá sẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi ìyẹn sùn dáadáa!

———

Àbúrò, o kú làákàyè. Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà ìbá ti na ìka sí ọ. Ọmọ tí wọ́n nà lóde, ṣé kì í fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀ ni? Ṣé ìyá á tún nà án? Ọ̀gá ló bàjẹ́, «sùn» kò ṣe nǹkan kan. Àtẹ àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008, ohun 19 ló wà níbẹ̀ láti yẹ̀ wò. Ọ̀kan ni pé kí kálukú dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara. Ẹni tó ti lanu lẹ́ẹ̀kan á tún un là bí nǹkan bá ń yíwọ́. Ẹnu ni kí a wá, kì í ṣe àmì ohùn.

———

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà, ẹ kò rí «ààbò aláìsàn» tí ẹ kọ sí àkọlé. «Bò» ló wà nínú ààbò o. Ṣé bíbo aláìsàn ni, àbí bíbo àṣìṣe mọ́lẹ̀?

———

Ta ló kọ àkọlé? Èmi kọ́.