Omíyalé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin): báwo la ṣe ń tọ́jú ọkàn àwọn tó sá wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Odò Wẹ́mẹ̀ kún, àwọn ará àgbègbè Aguégués sì ti kó wá sílé ẹ̀kọ́. Omi wà, ẹní wà. Àmọ́ àwọn àgbà ò rí oorun sùn, ọmọ ń tọ̀ọ́lé. Ṣé ká kó wọn jọ, kí kálukú sọ ohun tójú ẹ̀ rí?

Èsì 1: Rárá o! Ẹ má fi dandan mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Ó lè tún dá egbò náà sílẹ̀. Ẹ wò, ẹ tẹ́tí, ẹ so ẹni náà mọ́ ìrànlọ́wọ́: bí ìwé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti 2011 ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í: "Kí ló jẹ yín lógún jù báyìí?" Ẹni tó ń wá ọmọ ẹ̀, ìròyìn ọmọ yẹn loògùn ẹ̀.

Èsì 2: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ẹ má pín Valium, oògùn tó ń muni sùn, kiri nítorí àìsùn, ó máa ń di bárakú. Àwọn tá a sì máa ń gbàgbé jù ni àwọn tó ní wárápá: omi ti gbé oògùn wọn lọ, bí phenobarbital, oògùn wárápá, bá sì já lójijì, gìrì lè mú wọn léraléra. Ẹ bèèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ta ni ká gbé lọ sílé ìwòsàn?

Èsì 1: Ẹni tó ní òun fẹ́ para òun, lónìí ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé, ẹ má nà án.